Ìwé Ìlàlóye: Iná Kẹ̀kẹ́ fún Ẹni tó Ń Jáde Kílẹ̀ Tó Mọ́

Ẹ̀yin ará Mowe, Ibafo àti Ifọ̀ tí ẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sí ibùdókọ̀, sóko, sọ́jà tàbí síbi iṣẹ́ ọdẹ alẹ́, ẹ̀yin la kọ ìwé yìí fún. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ Èkó kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ ní láti kúrò nílé láago márùn-ún ìdájí, oòrùn kì í sì í yọ lọ́dọ̀ wa títí di nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀. Nírọ̀lẹ́ ẹ̀wẹ̀, bó bá ti di aago méje ààbọ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Ọlọ́kadà náà lè kà á. Púpọ̀ nínú ohun tó wà níbí kàn án.

Nọ́ńbà ara páálí

Ẹ bèèrè iná kẹ̀kẹ́ lọ́jà, wọ́n lè na páálí kan sí yín tí wọ́n kọ lumen 10,000 sí. Lumen ni a fi ń wọn gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí iná kan ń tú jáde. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí i, ẹ wo bátìrì inú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹyọ bátìrì roboto kan ni ẹ ó bá níbẹ̀, tó gùn tó ìka ọwọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní 18650. Bátìrì 18650 tó dára, ó ṣọ̀wọ́n kó kọjá 3,500 mAh, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbé pamọ́. Èyí tí wọ́n bá kọ 9,900 sí lára, irọ́ ni.

Bátìrì 2,600 mAh gidi lè gbé iná lumen 300 fún bíi wákàtí mẹ́ta. Bó bá jẹ́ lumen 10,000 lóòótọ́ ni, kò ní lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí yóò fi gbẹ, iná kékeré náà yóò sì ti gbóná débi pé ọwọ́ ò ní lè dì í mú. Nítorí náà, ẹni tó bá pariwo nọ́ńbà jù lọ kọ́ ni kí ẹ rà lọ́wọ́ rẹ̀. Lumen 300 sí 400 tó jẹ́ òótọ́ tó fún ọ̀nà ọlọ́dà. Bó bá jẹ́ ọ̀nà àdúgbò tí kò ní ọ̀dà, tó kún fún àgbàrá, ẹ wá èyí tó tó 600.

Ní ti iná NẸ́PÀ, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Àwa fara mọ́ iná tí bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ, kí ẹ lè máa ṣáàjì ọ̀kan nígbà tí ìkejì wà lẹ́nu iṣẹ́. Bátìrì tó bá ti wú, ẹ má lò ó mọ́. Ẹ má sì ṣáàjì èyíkéyìí lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá rí IPX4 lára páálí, òjò kò ní tètè bà á jẹ́.

Àwọn àgbà tó gun kẹ̀kẹ́ Raleigh yóò rántí dáínámò kékeré tó máa ń fara gbo táyà, vólítì 6, wáàtì 3. Ó máa ń mú kẹ̀kẹ́ wúwo, bí ẹ bá sì dúró, iná kú. Síbẹ̀, kò bèèrè iná mànàmáná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá rí i lára kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀, ẹ so iná LED tí wọ́n ṣe fún un mọ́ ọn. Yóò mọ́lẹ̀ ju gílóòbù àtijọ́ lọ fíìfíì.

Ibi tí ẹ so iná mọ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń so tọ́ọ̀ṣì mọ́ iwájú orí bí ọdẹ. Ọdẹ ní ìdí tirẹ̀: bí iná bá wà nítòsí ojú rẹ̀, ojú ẹtu yóò dán padà sí i láti inú igbó. Kòtò kò lójú tí yóò dán padà. Òjìji rẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n. Bí iná bá wà nísàlẹ̀, lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò máa rá lórí ilẹ̀ lọ, òjìji dúdú yóò sì sùn sínú kòtò, ẹ ó ti rí i lókèèrè. Bó bá jẹ́ iwájú orí ni iná wà, ibi tí ẹ ti ń wò náà ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Òjìji á fara pamọ́, ọ̀nà tó ti gbẹ́ á wá dà bí èyí tó tẹ́jú.

Láti mọ bí ẹ ó ṣe dojú iná kọ ọ̀nà, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ síwájú ògiri lálẹ́, kó jìnnà sí i ní mítà márùn-ún. Bí iná yín bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 90 sílẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí ààrin ìmọ́lẹ̀ ara ògiri yóò fi wà ní 45. Lójú ọ̀nà, ààrin yẹn yóò bọ́ sílẹ̀ ní mítà 10 síwájú, etí rẹ̀ yóò sì nà kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fi rọ́bà túùbù so tọ́ọ̀ṣì, a kò bá yín jà, ṣùgbọ́n ẹ dì í ní ìlọ́po; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí kẹ̀kẹ́ bá fò lẹ́ẹ̀mẹta, ojú ọ̀run ni yóò máa tàn sí.

Ẹni tó ń sá eré kìlómítà 20 ní wákàtí kan ń gba mítà márùn-ún ààbọ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ojú tó rí, kí ọwọ́ tó tẹ búrèkì, kí táyà tó dúró, ó ti lò tó mítà 12 lórí ọ̀dà gbígbẹ. Bí iná yín kò bá fi mítà 15 hàn yín, ẹ dín eré kù.

Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn

Iná iwájú wà fún ojú tiyín. Awakọ̀ tírélà tó kó sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò, tó ń gba Ifọ̀ bọ̀ lóru, kò rí i rárá. Iná pupa ẹ̀yìn ni yóò rí, pẹ̀lú gíláàsì pupa tí iná ọkọ̀ ń bà tó fi ń tàn padà bí ojú ẹtu yẹn. Ọkọ̀ tó ń sá eré kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń gbé mítà 28 mì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fún ìdí èyí, ẹ má gun kẹ̀kẹ́ lórí màrosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lóru, ì báà ní iná bí oòrùn. Bí ẹ bá fẹ́ sọdá, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ tì í, kí ẹ sì gba orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ níbi tó bá wà.

Iná iwájú tó ń ṣẹ́jú kò dára nínú òkùnkùn. Kì í jẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ mọ bí ẹ ṣe jìnnà tó. Bí ọkọ̀ bá tan fúlù sí yín, ẹ wo etí ọ̀nà lápá ọ̀tún títí yóò fi kọjá. Ojú tí iná ńlá bá ti bà lè gbà tó ìdajì wákàtí kó tó padà sípò pátápátá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú tó ní ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dun òun, ẹ má fà á dìde. Ẹ fi iná yín hàn fún àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ sì pe Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, lórí 122. Ìpè náà kì í gba owó.