Ṣé O Mọ̀ Pé Ayé Wa Nírù?

Sún mọ́ mi, ọ̀rẹ́. Ṣé o mọ̀ pé oòrùn ní atẹ́gùn tirẹ̀? Kì í sinmi, tọ̀sán tòru. Kìlómítà 400 ló ń sá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo! Nígbà mìíràn, ó ń lé ní 700.

Síbẹ̀, ó fúyẹ́ kọjá ààlà. Mú ṣúgà onígun kan dání. Nínú afẹ́fẹ́ tí o ń mí yìí, mólékù tó wà nínú àyè tó tó ṣúgà yẹn jẹ́ bílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù 25. Atẹ́gùn oòrùn tó ń kọjá lẹ́bàá ayé wa ńkọ́? Nǹkan bíi ẹyọ 5 péré! Márùn-ún, bí ìka ọwọ́ rẹ.

Márùn-ún yìí ló sì ń tẹ agbára òòfà tó ń dáàbò bo ayé wa mọ́lẹ̀. Níwájú, níhà oòrùn, ó tì í wálé títí ó fi ku nǹkan bíi kìlómítà 64,000. Lẹ́yìn, ó fà á gùn bí ìrù. Ìrù náà gùn kọjá òṣùpá!

Ojú lásán kò lè rí i o. Báwo ni wọ́n ṣe wá bẹ̀rẹ̀ sí wádìí rẹ̀?

Kristian Birkeland, ará Nọ́wè, dá ayé kékeré tirẹ̀ sínú yàrá ní nǹkan bíi ọdún 1900. Ó ki òòfà oníná sínú bọ́ọ̀lù irin. Ó fi ọ̀dà tó máa ń tàn kùn ún. Ó gbé e sínú àpótí gíláàsì, ó fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó wá rọ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lù ú bí atẹ́gùn oòrùn. Kíá, òrùka ìmọ́lẹ̀ yọ yí orí bọ́ọ̀lù náà ká, òmíràn yọ nísàlẹ̀! Bí ìmọ́lẹ̀ aláràbarà tó máa ń jó lójú ọ̀run ìlú wọn lóru gẹ́lẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ya ojú rẹ̀ sórí owó Nọ́wè, 200 kírónà.

Lónìí, inú kọ̀ǹpútà ni ayé kékeré náà wà.

Ká ní o gé òfuurufú sí ọ̀nà 100 ní gígùn, 100 ní ìbú, 100 ní gíga. Àpótí mílíọ̀nù kan nìyẹn. Ó ṣì kéré! Ní Yunifásítì Helsinki, Minna Palmroth àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní àwòṣe kan tó ń jẹ́ Vlasiator. Ibi tí nǹkan wà nìkan kọ́ ló ń ṣírò. Ó tún ń ṣírò ibi tó dorí kọ, àti bó ṣe ń sáré tó. Ọ̀nà mẹ́ta mìíràn nìyẹn lórí mẹ́ta àkọ́kọ́. Gé àwọn náà sí 100, 100, 100. Mélòó ló dà? Kọ 1 sílẹ̀, kí o to òdo 12 tẹ̀ lé e!

Dúró, mi ò tíì sọ èyí tó dùn jù. Nínú atẹ́gùn oòrùn, pírótọ́ọ̀nù kan wúwo tó ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 1,836. Bí kọ̀ǹpútà bá ní kí òun tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀, ó lè má parí iṣẹ́ láé. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ máa ń bu ìwọ̀n kún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, títí 1,836 á fi di 100. Àwọn kan sọ ọ́ di 25! Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ń sá 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá, wọ́n á ní kó rọra. Síbẹ̀síbẹ̀, ìrù yọ, ààbò yọ, ohun gbogbo ń jọ tayé wa. Èmi ò tíì rí ìṣirò tó yà mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Eré ìje sì ni o! Sátẹ́láìtì tó ń ṣọ́ atẹ́gùn náà wà ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ kìlómítà sí wa. Láti ibẹ̀, bíi wákàtí kan ni atẹ́gùn fi ń dé. Bó bá jẹ́ ìjì, ìdajì wákàtí. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀! Láti 2016 ni àwọn tó ń ṣọ́ ìjì oòrùn fún ìjọba Amẹ́ríkà, ní Boulder, ti ń fi àwòṣe Yunifásítì Michigan sá eré yìí.

Ní March 13, 1989, irú ìjì bẹ́ẹ̀ pa iná Quebec ní Kánádà. Ìṣẹ́jú-àáyá 90 ló gbà. Mílíọ̀nù 6 èèyàn wà lókùnkùn fún wákàtí 9.

Pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì ńkọ́? Òòfà tó yí i ká ti kú tipẹ́. Nǹkan bíi gíráàmù 100 afẹ́fẹ́ rẹ̀ ni atẹ́gùn oòrùn ń gbá lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Lójúmọ́, ó lé ní tọ́ọ̀nù 8!

Júpítà? Bí ojú bá lè rí ààbò òòfà rẹ̀, yóò tóbi ju òṣùpá lọ lójú ọ̀run wa.

Yúránọ́sì ló wá ṣàrà jù. Òòfà rẹ̀ wọ́ gan-an, ọjọ́ rẹ̀ sì jẹ́ wákàtí 17. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ Georgia Tech gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Kí ni wọ́n rí? Ààbò rẹ̀ ń ṣí, ó ń tì, ó ń ṣí, ó ń tì, lójoojúmọ́, bí ilẹ̀kùn!

Ìrù tiwa ńkọ́? Nígbà tí òṣùpá bá tún yọ kíkún, jáde síta, kí o gbójú sókè. Inú ìrù náà ni òṣùpá wà.