Eérú tí ń Jẹ Irin: Bí a ti ń Mọ Ìgbà tí Páìpù Bọ́ílà yóò Lu

Àgbẹ̀ tí ó ń ro oko ní agbègbè Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn mọ̀ dájú pé ọkọ́ kì í gbó bákan náà lórí gbogbo ilẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn ní iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ púpọ̀. Bí a bá ń kọ ebè iṣu nínú rẹ̀, ẹnu ọkọ́ a máa jẹ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi di dandan láti gbé e tọ alágbẹ̀dẹ lọ. Àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ kì í dúró di ọjọ́ tí ọkọ́ yóò tán sí i lọ́wọ́. Ó ti wo bí ó ti kúrú tó láti èṣí, ó sì lè sọ bóyá yóò gbé iṣẹ́ ọdún yìí já. Irú ìṣirò yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń ṣe nínú ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná tí ó ń lo èédú. Kìkì pé níbẹ̀, eérú ni ó ń jẹ irin, kì í ṣe ilẹ̀.

Bọ́ílà ni ìléru ńlá tí a fi ń sọ omi di oru. Omi wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ páìpù irin, iná àti èéfín a sì máa kọjá lára wọn; oru tí ó bá jáde ni ó ń yí ẹ̀rọ tí ń pèsè iná. A máa ń lọ èédú kúnná bí èlùbọ́ kí a tó fẹ́ ẹ sínú ìléru. Bí ó bá jó tán, nǹkan bí 80 nínú 100 eérú rẹ̀ ni ó ń bá èéfín fò lọ. Nínú eérú yìí ni ẹyọ iyanrìn wà tí ó le ju irin páìpù lọ.

Ní Èkó, ilé-iṣẹ́ Ìjọ́ra, tí a ṣí ní 1923, fi èédú Enugu ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ègbìn, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985, gáàsì ni ó ń jó, gáàsì kò sì ní eérú. Ṣùgbọ́n ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí èédú ti ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná wọn, eérú inú èédú náà lè ju 30 lọ nínú 100, páìpù tí ó lu sì wà lára ohun tí ó ń pa ẹ̀rọ wọn lójijì. Nígbà tí páìpù kan bá lu, oru a tú jáde pẹ̀lú agbára, a sì bẹ̀rẹ̀ sí gé àwọn páìpù tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, ihò kan lè bí òmíràn. Ó di dandan kí a pa ẹ̀rọ náà, kí a sì dúró kí ó tutù kí òṣìṣẹ́ tó lè wọ inú rẹ̀. Òkùnkùn rẹ̀ a máa dé ìlú tí kò tilẹ̀ mọ ibi tí ilé-iṣẹ́ náà wà.

Báwo ni a ṣe ń mọ ibi tí yóò ti lu? Ẹ jẹ́ kí á wo ọyẹ́. Eruku tí ọyẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ a máa bo páànù ilé ní Ṣakí, síbẹ̀ kì í dá a lu. Eruku náà kúnná, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò sì yára tó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró ní àlàfo tóóró láàárín àpáta méjì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ le níbẹ̀ ju ìta gbangba lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ti bọ́ílà. Èéfín a máa sáré gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, àti ibi tí páìpù ti tẹ̀ kọdọrọ, tí àlàfo ti ṣẹ́kù. Bí eré rẹ̀ bá sì di ìlọ́po 2, jíjẹ irin kì í di ìlọ́po 2 lásán. A máa tó ìlọ́po 8 tàbí 10. Ọ̀rọ̀ eré yìí ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Ohun kan sì ya ènìyàn lẹ́nu: eérú tí ó kọlu páìpù gbọnrangandan kọ́ ni ó burú jù, bí kò ṣe èyí tí ó fẹ̀gbẹ́ gbá a, tí ó ń fá a bí ọ̀bẹ ti ń fá igi.

Nítorí náà, nígbà tí a bá pa bọ́ílà, a óò fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù gba inú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ yóò sì wọ̀n bí ó ti ń sáré tó ní àlàfo kọ̀ọ̀kan. Ibi tí eré bá ti pọ̀ jù ni ojú yóò wà. Lẹ́yìn èyí ni a óò wọ̀n bí irin ti nípọn tó. Àwọn obìnrin a máa kan ìkòkò pẹ̀lú ìka kí wọn tó rà á, kí wọn lè gbọ́ bóyá ó sán. Ẹ̀rọ ìwọ̀n yìí náà ń lo ìró, ṣùgbọ́n ìró tí etí kò lè gbọ́: a óò rán an wọ inú irin, a óò sì ka àkókò tí gbohùngbohùn rẹ̀ fi padà.

Ká ní páìpù kan nípọn ní mìlímítà 5 nígbà tí ó jẹ́ tuntun, tí ó sì ku 4.1 lẹ́yìn ọdún 3. Ó ń pàdánù 0.3 lọ́dọọdún. Bí kò bá gbọdọ̀ dín sí 3.2, ọdún 3 ni ó kù fún un. Ìṣirò yìí rọrùn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbà á gbọ́ pátápátá. Èédú tí a rà lọ́dún yìí lè ní eérú ju ti èṣí lọ. Eérú lè kó jọ sí ọ̀nà kan, kí èéfín sì máa sáré púpọ̀ ní èyí tí ó kù. Irin ìbòrí tí a fi dáàbò bo páìpù kan a sì máa ti èéfín sí ara èkejì. Nígbà tí a bá tún pa ẹ̀rọ, ara páìpù tí kò ní ìbòrí yẹn ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n.