Níbo ni àṣìṣe wà? Bí a ṣe ń wádìí ẹ̀rọ tó ń tọ́jú iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn

Ní ọdún 1984, olùkọ́ yunifásítì kan ní ìlú Amsterdam, Dick Grune, àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì ń jọ kọ ètò kọ̀ǹpútà kan. Àkókò wọn kò bára mu. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń ṣiṣẹ́ láti aago 9 àárọ̀ títí di aago 5 ìrọ̀lẹ́. Èkejì kò ní àkókò pàtó. Alẹ́ nìkan ni olùkọ́ ń ráyè. Báwo ni wọn yóò ṣe jọ ṣe é, tí ẹnì kan kò fi ní ba iṣẹ́ ẹnìkejì jẹ́? Ìyẹn ni Grune fi ṣẹ̀dá ètò tí a ń pè ní CVS.

Nígbà tí ó yá, CVS di alápá méjì. Apá kan wà nínú kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́: oníbàárà ni. Apá kejì wà nínú kọ̀ǹpútà tó lè jìnnà réré: olùtọ́jú àká ni. Inú àká yìí ni gbogbo iṣẹ́ wà, ti àná àti ti òní. Oníbàárà a béèrè, olùtọ́jú a sì dáhùn.

Bí iṣẹ́ kò bá wá lọ déédéé ńkọ́? Ta ni ó jẹ̀bi? Àwọn àgbà ní: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn tó kọ CVS mọ èyí. Wọ́n ṣe àṣẹ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CVS_CLIENT_LOG. Bí a bá lò ó, gbogbo ọ̀rọ̀ tí oníbàárà fi ránṣẹ́ yóò wọ inú fáìlì kan. Gbogbo èsì olùtọ́jú yóò wọ inú fáìlì kejì. A ó ka méjèèjì. Bí ìbéèrè bá tọ́, tí èsì sì wọ́, ọ̀dọ̀ olùtọ́jú ni kí a lọ.

Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ètò kan wà tó lè dá ètò mìíràn dúró, tí a ó fi wo inú rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ẹni tí a fẹ́ yẹ̀ wò lẹ́nu iṣẹ́. Olùtọ́jú kì í pẹ́: oníbàárà pè é, ó jí, ó ṣiṣẹ́, ó lọ. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti parí.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi àṣẹ kejì kún un: CVS_SERVER_SLEEP. A ó kọ iye kan síwájú rẹ̀, bíi 20. Olùtọ́jú yóò sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 20 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láàárín àkókò náà, olùwádìí yóò so ètò ìwádìí mọ́ ọn, yóò sì máa tẹ̀lé e lẹ́sẹẹsẹ títí yóò fi dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀.

Ọlọ́gbọ́n kì í dán irú èyí wò lórí àká gidi. Yóò kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, yóò sì ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà náà. Làálàá ọ̀pọ̀ ọdún ni ó wà nínú àká. Bí iná bá jó àká, kí ni àgbẹ̀ yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀?