Bí Ọmọ Ọwọ́ Ṣe Ń Kọ́ Ìró àti Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Yorùbá

Etí ni ọmọ kọ́kọ́ fi ń gba èdè. Ẹnu ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí oyún bá ti wọ bí oṣù mẹ́fà sí méje, ọmọ inú ti ń gbọ́ràn. Ara ìyá àti omi tó yí i ká kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kọ́ńsónáǹtì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí ohùn ìyá ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ ń wọlé tọ̀ ọ́. Ní 1980, DeCasper àti Fifer fi hàn ní Amẹ́ríkà pé ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ti dá ohùn ìyá rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ti obìnrin mìíràn.

Fún ọmọ tí wọ́n bí sí Ilé-Ifẹ̀, ohun tó gbọ́ nínú oyún yìí kì í ṣe nǹkan kékeré. Ohùn ló ń ya ọ̀rọ̀ Yorùbá sọ́tọ̀: ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko, ọkọ̀ tó ń ná Lágéré nínú ìlú náà, ọ̀kọ̀ tí ọdẹ fi ń gún ẹran. Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn. Kọ́ńsónáǹtì 18 ló wà nínú èdè náà, fáwẹ́lì àìránmúpè 7, fáwẹ́lì àránmúpè 5, àti ohùn mẹ́ta: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ohùn ni ọmọ máa ń kápá ṣáájú nínú gbogbo wọn.

Wọn kì í bí èdè kan pàtó mọ́ ọmọ. Peter Eimas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní 1971 pé ọmọ oṣù kan ti ń gbọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín b àti p ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1984, Janet Werker àti Richard Tees fi hàn ní Kánádà pé ọmọ inú ilé elédè Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ, ṣì ń gbọ́ ìyàtọ̀ àwọn kọ́ńsónáǹtì Híńdì tí àgbà ilé rẹ̀ kò gbọ́ mọ́. Kó tó pé ọdún kan, èyí náà á ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Etí rẹ̀ ti di etí ilé. Ti Yorùbá náà ti hàn: nínú ìwádìí tí Phil Harrison tẹ̀ jáde ní 2000, àwọn ọmọ Yorùbá oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ ń fi etí ya ohùn sọ́tọ̀ lọ́nà tí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ẹgbẹ́ wọn kò gbà.

Iṣẹ́ tó le jù ni bí ọmọ ṣe máa ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ kì í dánu dúró láàárín ọ̀rọ̀. Ọmọ tí wọ́n fi ọjá gbà mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ní ọjà Odò-Ògbè ń gbọ́ "repo", "rẹran", "rẹja", "raṣu". Nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, fáwẹ́lì "ra" ló pòórá. Nínú ìkẹrin, ti "iṣu" ni. Síbẹ̀, ọmọ yìí ni yóò tú "ra" jáde, tí yóò sì mọ̀ pé iṣu ni iṣu. Ìró tó máa ń tẹ̀ lé ara wọn léraléra ló ń ràn án lọ́wọ́. Saffran, Aslin àti Newport fi hàn ní 1996 pé ọmọ oṣù mẹ́jọ lè ṣa irú ìró bẹ́ẹ̀ mọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì péré. Nílé ẹ̀wẹ̀, ìyá àgbà á máa fa oríkì ọmọ náà gùn, Àjàní tàbí Àṣàkẹ́, orúkọ kan ṣoṣo, lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́, tí sílébù kọ̀ọ̀kan á dá dúró ketekete.

Láti bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í to sílébù: ba-ba, ma-ma. Bénédicte de Boysson-Bardies, onímọ̀ ará Faransé, ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ Yorùbá fẹ́ràn láti fi fáwẹ́lì ṣíwájú nínú irú ìró báyìí ju àwọn ọmọ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: omi, aṣọ, ẹyin, ilé, fáwẹ́lì ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn. (Ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ń sọ ẹ̀ka-èdè Ifẹ̀ gidi á gbọ́ "ulé".) Ìró gb máa ń pẹ́ díẹ̀, nítorí ètè méjèèjì àti ẹ̀yìn ahọ́n ni yóò pa dé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tó na nǹkan sí ìyá rẹ̀ lè wí pé "bà" dípò "gbà", ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ á pé.

Ìtumọ̀ kì í dúró de ẹnu. "Imú ẹ dà? Etí ẹ dà?" Ọmọ tí kò tíì lè pe ohunkóhun á fọwọ́ kan imú. Bergelson àti Swingley fi hàn ní 2012 pé láti oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án ni àwọn ọmọ ti ń mọ orúkọ oúnjẹ àti ẹ̀yà ara mélòó kan. Bí ọdún kan bá ń pé, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ á jáde. Ó lè kọ́kọ́ tàn kọjá ààyè rẹ̀, kí ewúrẹ́ àti àgùntàn jọ máa jẹ́ "ajá".

Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá ló ń gba sùúrù. Aṣọ ni à ń wọ̀. Fìlà, dídé ni. Gèlè, wíwé ni. Ìró, ríró ni. Gàrí inú ife, mímu ni. Bó bá di ẹ̀bà, ó di jíjẹ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni à ń jẹ, a sì ń mu ọsàn. Ọmọ tó bá ní òun fẹ́ "wọ fìlà", ìyá rẹ̀ kò ní bá a wí, á kàn dáhùn pé, "Ó dáa, wá dé fìlà ẹ."

Ọmọ tí etí rẹ̀ bá dí kò lè rí ọ̀nà etí tí à ń sọ yìí gbà. Bí ariwo kò bá ta ọmọ jí, tàbí tó pé ọdún kan tí kò dáhùn sí orúkọ rẹ̀, kí wọ́n tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n má wulẹ̀ sọ pé yóò fọhùn bó bá yá.

Ọmọ tó bá pé ọdún mẹ́fà ti gbé odidi èdè kan wọ ilé-ìwé. Orí èdè tí ọmọ gbé wá láti ilé yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti Yunifásítì Ifẹ̀ gbé ètò ọlọ́dún mẹ́fà wọn lé ní 1970, ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ títí dé kíláàsì kẹfà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin.