Ṣé Ó Yẹ Ká Sanwó Lọ Sùn Nínú Igbó? Àlàyé Fún Àwa Ará Sabon Gari

Ìpàdé ẹgbẹ́ tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. A ń jíròrò bí a ṣe máa lọ sílé ní ìparí ọdún, ni ẹnì kan bá dá a lábàá pé kí àwa tí a ní ọmọ kéékèèké má ṣe lọ tààrà sí ìlú wa, kí a yà, kí a fi ọjọ́ méjì sùn ní ilé ìtura tó wà láàárín igbó kìjikìji. Ìyá kan tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa pariwo pé, "Ẹ̀yin ará yìí, bàbá mi sá kúrò lóko kòkó wá sí Kánò, èmi á wá máa sanwó padà sínú igbó?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ wa nínú mọ́, nítorí ohun tí ojú wa rí lọ́dún tó kọjá.

Lọ́dún tó kọjá yẹn, a ń rin ọ̀nà Lọ́kọ́ja bọ̀ wálé. Nígbà tí a wọ ilẹ̀ Oǹdó, tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, yọjú lójú fèrèsé mọ́tò, ó ní, "Ta ló gbin gbogbo dóńgóyárò wọ̀nyí?" Ẹ gbọ́ o, kò sí dóńgóyárò kan níbẹ̀. Àràbà ni, ìrókò ni, afàrà ni. Ṣùgbọ́n Kánò ni wọ́n bí i sí. Lójú tirẹ̀, igi ni ohun tí èèyàn gbìn sí iwájú ilé kí a lè jókòó sábẹ́ rẹ̀. Tí a bá sì pe igbó, "daji" ló máa sọ, ìyẹn pápá gbalasa tí ewúrẹ́ ń jẹ̀. A ò rí ẹjọ́ kankan dá fún un. Àwa la bí i, àwa la ò sì mú un dé ibẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí a fi wádìí ọ̀rọ̀ yìí délẹ̀, tí a sì lọ sùn níbẹ̀ fúnra wa kí a tó kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Igbó kìjikìji kì í ṣe oko ìdílé tí a pa tì tí ewéko wá bò. Ibi tí òjò ń rọ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ lọ́dún ni, tí igi wà lórí igi. Àràbà àti ìrókò a yọrí lókè pátápátá. Abẹ́ wọn ni àwọn mìíràn ti forí kan ara wọn bí òrùlé. Abẹ́ òrùlé yẹn ni àwọn kéékèèké dúró sí, tí wọ́n ń retí ọjọ́ tí igi ńlá kan á wó kí oòrùn lè kan àwọn náà. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ ibẹ̀ fi ṣú dùdù lọ́sàn-án gangan, tí koríko kò sì pọ̀ níbẹ̀ bí a ṣe rò. Ewé tó bá já bọ́ kì í pẹ́ jẹrà, gbòǹgbò a sì tètè fà á padà. Ọ̀rá ilẹ̀ náà, inú igi ló wà jù, kì í ṣe inú erùpẹ̀. Ẹni tó bá gé irú igbó bẹ́ẹ̀ palẹ̀ tó rò pé òun ti rí ilẹ̀ ọlọ́ràá, ọdún mélòó kan ló máa fi jẹ ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣá. Òjò tó ń rọ̀ ní ìhà Okomu lọ́dún ju ìlọ́po méjì tiwa ní Kánò lọ. Àwa tí ọyẹ́ ń la ètè wa níbí, tí a bá dé ibẹ̀, ara wa a kọ́kọ́ máa lẹ̀ mọ́ aṣọ ni.

Ó dáa, ibo ni wọ́n wà? Èyí tó sún mọ́ ohun tí àwọn aláwọ̀ funfun ń pè ní òtẹ́ẹ̀lì inú igbó jù lọ ní apá ibi tí a máa ń gbà lọ sílé ni ti Okomu, ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Láti Bìní, ẹ gba Iguobazuwa lọ sí Udo. Ìjọba àpapọ̀ ló ni igbó náà, ó sì di National Park ní 1999. Àwọn ilé kéékèèké tí wọ́n gbé ka orí òpó, tí ilẹ̀ kò kàn, ni àlejò ń sùn sí, láàárín àràbà àti ọ̀gànwó. Ọ̀bọ a sì máa fò lórí igi nítòsí ibẹ̀. Wọ́n tún kọ́ yàrá sórí igi àràbà kan, tí èèyàn máa gun àkàbà lọ, tí á sì máa wo orí igbó láti òkè. Ẹni tí òkè bá ń kọ́ lójú, kó dúró sílẹ̀ jàre. Erin inú igbó ṣì wà níbẹ̀, ìnàkí náà wà, irú ọ̀bọ kan tí ọ̀fun rẹ̀ funfun sì wà tí wọn kì í sábà rí níbòmíràn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan yín pé ẹ máa rí erin láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹsẹ̀ erin àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni àwọn èèyàn sábà ń rí. Erin inú igbó kì í dúró de àlejò bí erin orí tẹlifíṣọ̀n.

Ohun kan wà nípa Okomu tó jọ wá lójú gan-an. Ọdún 1912 ni àwọn òyìnbó pààlà igbó náà sọ́tọ̀, ọdún kan náà tí ọkọ̀ ojú irin Kánò bẹ̀rẹ̀ sí í ná bó ṣe yẹ, tí àwọn bàbá wa sì ń dé sí Sabon Gari yìí. Bí wọ́n ṣe ń kó èèyàn kúrò ní Gúúsù wá síbí ni wọ́n ń fi igi pamọ́ lọ́hùn-ún. Èyí tó tún yà wá lẹ́nu jù ni pé àwọn onímọ̀ tó gbẹ́ ilẹ̀ igbó náà rí èédú àti àpáàdì ìkòkò nísàlẹ̀ káàkiri. Ìyẹn ni pé àwọn èèyàn ti gbé ibẹ̀ rí, wọ́n ti dáná oko níbẹ̀, wọ́n sì kúrò. Wọ́n ní á tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún ó dín ọgọ́rùn-ún tí igi ti ń padà hù sórí ilẹ̀ náà. Nítorí náà, ìyá oníṣọ́ọ̀bù wa, àwọn kan ti sá kúrò lóko ṣáájú bàbá yín o.

Igbó tí wọ́n pààlà nígbà yẹn tóbi ju èyí tó kù báyìí lọ fíìfíì. Oko ọ̀pẹ àti oko rọ́bà ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, àwọn agégi sì ń jẹ tiwọn lóru. Èyí tí National Park ń ṣọ́ kò ju nǹkan bí igba kìlómítà níbùú lóròó lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní igbó Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1925, tí erin ṣì wà nínú rẹ̀, tí oko kòkó sì ń wọ̀ ọ́ lọ́dọọdún. Àwọn tó ń dá oko yẹn, ọmọ wa ni púpọ̀ nínú wọn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Ẹni tí Okomu bá jìnnà sí, Ìkógòsí ń bẹ ní Èkìtì. Omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níbẹ̀, wọ́n wá pàdé, síbẹ̀ ẹ lè fi ọwọ́ kan gbígbóná kí ẹ fi ọwọ́ kejì kan tútù. Àwọn àgbà ní ìyàwó ọdẹ kan ni àwọn méjèèjì, pé ọ̀kan gbóná lára, ọ̀kan sì tutù. Ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà kan, John McGee, ló kọ́kọ́ sọ ibẹ̀ di àgọ́ ní àwọn ọdún 1950. Ilé ìtura wà níbẹ̀ báyìí láàárín òkè àti igi. Igbó ibẹ̀ kò tó ti Okomu, ṣùgbọ́n ọmọdé á gbádùn omi náà ju erin tí kò rí lọ. Àwọn tó sì ń lọ sí Ìbàdàn, ẹ má fojú fo IITA dá. Láti 1967 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, wọ́n fi igbó tó tó 350 hẹ́kítà sílẹ̀ láì gé e, ilé àlejò wọn sì wà nínú ọgbà kan náà. Ìyẹn ló rọrùn jù fún ẹni tó ní àgbàlagbà nínú mọ́tò.

A ò ní dárúkọ ibi tí àwa sùn sí, nítorí pé adùn àti ìkorò rẹ̀ ni a fẹ́ sọ. Wọ́n sọ fún wa lórí fóònù pé iná wà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Aago mẹ́wàá ni wọ́n pa jẹ́nẹ́rétọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, omi inú páìpù ń kán tó-tó-tó. Aṣọ tí a fọ̀ kò gbẹ fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó di òru, ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké lórí igi. Ó bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ń ròkè, ó ń ròkè, títí ó fi dà bí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn. Àwa àti àwọn ọmọ ká jọ sórí bẹ́ẹ̀dì kan. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Láàárọ̀, bàbá tó ń mú àlejò rìn nínú igbó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òwàwà ni, ẹran kékeré kan tí kò tóbi ju ehoro lọ. Òwàwà! Ìyá wa àgbà máa ń dárúkọ rẹ̀ nínú àlọ́, a ò mọ̀ pé ohun tó ń ké bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, tí ọmọ kan bá ń ké lásán nílé wa, òwàwà ni à ń pè é.

Bàbá yẹn gan-an la sanwó fún, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì. Ó mọ ewé, ó mọ ìró ẹyẹ, ó fi igi han ọmọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kó máa fọwọ́ kàn án kó sì pe orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá pe ilé ìtura kan, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, "Ta ló máa mú wa rìn, ṣé ọmọ àdúgbò ni?" Tí wọn ò bá ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀, yàrá lásán lẹ fẹ́ gbà, ẹ sì lè rí ìyẹn gbà ní ìgboro.

Ní ti ìgbà, Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì ló dára jù, nítorí ọ̀nà gbẹ. Ní họ́lídé ọlọ́jọ́ gígùn, òjò ń rọ̀ púpọ̀, mọ́tò kékeré sì lè rì sínú ẹrẹ̀. Ẹ tún ṣírò owó dáadáa. Yàrá nìkan kọ́ o. Owó ẹnubodè wà, owó amọ̀nà wà, owó mọ́tò láti ìlú dé inú igbó wà, oúnjẹ ibẹ̀ sì máa ń gbówó lórí nítorí pé ọjà jìnnà. Àwa gbé ẹ̀wà, gàárì àti sítóòfù lọ, a sì kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n gbà wá láyè láti dáná.

Ọ̀kan nínú àwọn ará wa san owó yàrá mẹ́ta fún ẹnì kan tó pàdé lórí fóònù, tó ní òun ló ń bá àwọn onílé ìtura gba àlejò. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn. Ọmọ márùn-ún ló wà lẹ́yìn mọ́tò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ilé ìtura fúnra rẹ̀ ni kí ẹ pè, orúkọ ilé náà ni kó wà lórí àkáǹtì, kì í ṣe orúkọ èèyàn. Kí ẹ sì pè lẹ́ẹ̀kejì ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa gbéra, nítorí pé àwọn ibi mìíràn ń ti ilẹ̀kùn fún àtúnṣe láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ béèrè bí ojú ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ àwọn dírẹ́bà páàkì tó ń ná ọ̀nà náà lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ má sì rìn lálẹ́.

Ẹ̀fọn ibẹ̀ kò mọ ará Kánò yàtọ̀. Nẹ́ẹ̀tì, aṣọ alápá gígùn fún àṣálẹ́, tọ́ọ̀ṣì, bàtà tó bo ẹsẹ̀ nítorí ejò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ igbó láìsí amọ̀nà, ì báà jẹ́ láti lọ tọ̀. Tí ara ọmọ bá gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ẹ padà, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé inú igbó ni ẹ ti ń bọ̀.

Ẹgbẹ́ kò tíì fọwọ́ sí i pé kí a fi owó àpò ṣe é, a ò sì rò pé wọ́n máa fọwọ́ sí i lọ́dún yìí. Ìdílé mẹ́rin ti ní àwọn á dá owó tiwọn. Mọ́tò èlérò méjìdínlógún kan la fẹ́ háyà, àyè mẹ́ta ló ṣẹ́kù. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí Oṣù Kẹwàá tó parí. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa wá bá wa lánàá, ó ní òun ò lọ o, ṣùgbọ́n ṣé àwọn ọmọ-ọmọ òun méjì lè bá wa lọ.