"Ìpele" àbí "ibi tí ó dé": ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ lẹ́nu ògbufọ̀

Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, èdè Faransé ni àwọn dókítà fi ń kọ ìwé aláìsàn, bí obìnrin tí wọ́n ń tọ́jú tilẹ̀ jẹ́ ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ tí ó fi Yorùbá béèrè ohun tí ó ń ṣe é. Nínú ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ yìí, "col" kò ṣòro: ọrùn ni Faransé pè é, a lè pè é ní ẹnu ilé ọmọ, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ ń gbà jáde. "Stade" ni ó le.

"Ìpele" ni ó máa ń kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìpele jẹ mọ́ àtẹ̀gùn àti ilé ẹ̀kọ́: a ń gùn ún, a sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ "ìpele kejì" lè rò pé ìtọ́jú yóò dá òun padà sí ìkíní. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí gbogbo èsì àyẹ̀wò bá ti pé ni a ń pinnu rẹ̀, lẹ́yìn náà kì í sì í yí padà, kódà bí àrùn bá padà wá lẹ́yìn ọ̀la. Ohun tí ó ń sọ ni ibi tí àrùn dé lọ́jọ́ tí a rí i.

Nínú ètò FIGO ti ọdún 2018, ìkíní kò tíì kúrò ní ẹnu ilé ọmọ, yálà ó kéré débi pé awò amú-nǹkan-tóbi nìkan ló lè rí i, tàbí ó ti ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Ìkejì ti kan òkè ojú ara tàbí ẹran ẹ̀gbẹ́ ilé ọmọ. Ìkẹta ti dé ìsàlẹ̀ ojú ara tàbí ògiri ìbàdí, ó ti dí ọ̀nà ìtọ̀ tí kíndìnrín fi wú, tàbí ó ti wọ àwọn kókó tó ń sẹ́ omi ara. (Ọdún 2018 ni wọ́n fi kókó wọ̀nyí kún un, nítorí náà ìwé àtijọ́ àti ti òde òní lè yàtọ̀ láìjẹ́ pé àrùn yàtọ̀.) Ìkẹrin ti wọ inú àpò ìtọ̀ tàbí ìfun ìsàlẹ̀, tàbí ó ti lọ jìnnà, bí ẹ̀dọ̀fóró.

Ibi tí ó dé ló ń yan ìtọ́jú. Bí ó bá kéré gan-an, a lè gé díẹ̀ nínú ẹnu ilé ọmọ fún ẹni tí ó ṣì fẹ́ bímọ, tàbí kí a yọ ilé ọmọ. Títí dé sẹ̀ǹtímítà 4, bí kò bá tíì kan ẹran ẹ̀gbẹ́, iṣẹ́ abẹ ńlá ni. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ tí kò sì tíì lọ jìnnà, ìtànṣán ni, pẹ̀lú oògùn cisplatin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ó sì tún gbé orísun ìtànṣán sínú ara nítòsí ẹnu ilé ọmọ. Èyí tó ti lọ jìnnà, oògùn la fi ń dá a dúró.

Níbí ni ògbufọ̀ ti lè ba nǹkan jẹ́. Bí ó bá ní "wọn ò ní ṣe iṣẹ́ abẹ fún un," ẹbí yóò gbọ́ pé dókítà ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìtànṣán pẹ̀lú cisplatin wà láti wo àrùn náà sàn. Èmi ì bá sọ pé: "Ìyá, àìsàn náà ti dé ẹran ẹ̀gbẹ́ ilé ọmọ yín. Ìtànṣán ló lè bá a níbẹ̀, ọ̀bẹ ò lè kó o tán."

Èyí tí kò tíì di jẹjẹrẹ, tí a ń fi òtútù tàbí iná pa, kò ní ìpele kankan: FIGO ti yọ "ìpele òdo" kúrò láti ọdún 2009.