Bátìrì Tó Gbiná Lójú Kọ̀ǹpútà

Ká so gílóòbù méjì tó bára mu mọ́ bátìrì kan, kí iná la inú àkọ́kọ́ kọjá kó tó dé ìkejì. Èwo ni yóò mọ́lẹ̀ jù? Ọ̀pọ̀ ọmọ girama yóò ní èyí tó kọ́kọ́ pàdé iná ni. Lójú tiwọn, gílóòbù ń mu iná bí fìtílà ṣe ń mu epo, àjẹkù ló sì máa kan ìkejì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọgbọọgba ni méjèèjì máa tàn: iye iná tó wọ inú gílóòbù ló ń jáde lódìkejì, apá kan agbára tó gbé wá ló fi sílẹ̀ níbẹ̀. Tíṣà lè kọ òfin yìí sójú pátákó nígbà mẹ́wàá, kí ọmọ há a sórí, kó sì tún ṣì í lọ́jọ́ ìdánwò. Ojú kì í ṣáà rí ohun tó ń rìn nínú wáyà.

Ohun tí ojú kò rí yìí ni ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní PhET ń gbé síta. Carl Wieman, ọ̀kan lára àwọn mẹ́ta tó jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún físíìsì ní 2001, ló dá a sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado, ní ìlú Boulder, ní 2002. Ọ̀fẹ́ ni. Nínú ètò rẹ̀ lórí iná, akẹ́kọ̀ọ́ á fa wáyà, bátìrì, gílóòbù àti súìṣì jáde látinú àpótí kan, á so wọ́n pọ̀ bó ṣe wù ú. Ẹ́lẹ́tírọ́ọ̀nù, ohun tó ń rìn nínú wáyà yẹn, hàn bí àmì róbótó aláwọ̀ búlúù tó tò tẹ̀lé ara wọn. Bí súìṣì bá ti padé, gbogbo wọn á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, eré tí wọ́n sì ń sá kí wọ́n tó wọ gílóòbù ni wọ́n ń sá bí wọ́n ti ń jáde. Bí ọmọ bá fi wáyà lásán so ẹnu bátìrì méjèèjì pọ̀, bátìrì á gbiná. Kò sẹ́ni tó máa pariwo mọ́ ọn, kò sí owó bátìrì tuntun; á tú u, á tún un tò.

Ǹjẹ́ èyí lè rọ́pò wáyà gidi? Noah Finkelstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Colorado yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005. Wọ́n pín akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì sí ọ̀nà méjì: apá kan lo ohun èlò gidi, apá kejì lo kọ̀ǹpútà nìkan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó gílóòbù àti wáyà gidi fún gbogbo wọn, pé kí wọ́n tò ó, kí wọ́n sì ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ló yára tò ó jù, àlàyé wọn ló sì yè kooro jù. Nínú ìdánwò ìparí, àwọn náà ló mókè lórí ìbéèrè iná. Ọ̀kan lára ìdí rẹ̀ pani lẹ́rìn-ín: láàbù gidi kún fún ohun tí ń gba ọkàn ọmọ láìnídìí. Akẹ́kọ̀ọ́ á máa rò ó bóyá àwọ̀ rọ́bà tó bo wáyà ló ń pinnu bí iná ṣe ń rìn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwòrán tó ń mì ló ṣiṣẹ́ yẹn. Fídíò aláràbarà tí ọmọ kàn jókòó wò, fíìmù lásán ni. Àwọn tó ń ṣe PhET máa ń jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́, kó máa sọ èrò ọkàn rẹ̀ síta bó ṣe ń lo ètò náà. Wọ́n rí i pé bí àwọn bá to ìlànà kalẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, á ṣe ìwọ̀n tí wọ́n ní kó ṣe, á dáwọ́ dúró. Bí ó bá jẹ́ ìbéèrè kan ni wọ́n jù sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú gbogbo rẹ̀ wò. Ìwé ìlànà olójú ewé mẹ́ta tí tíṣà fi tọkàntọkàn tẹ̀ lè jẹ́ ohun tó ń pa ẹ̀kọ́ náà.

Ní ti ìṣirò, ètò kọ̀ǹpútà kan tó lókìkí ni GeoGebra, èyí tí Markus Hohenwarter bẹ̀rẹ̀ ní 2001 ní Yunifásítì Salzburg, ní Austria. Ya onígun mẹ́ta, di orí kan mú, fà á síbi tó wù ọ́: igun kan á fẹ̀, òmíràn á sún kì, àpapọ̀ igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní kúrò ní dígírì 180.

Ìmọ̀ ẹ̀rọ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun èlò inú àwòrán kì í ṣe ségesège àyàfi bí wọ́n bá ní kó ṣe é. Èyí tí ẹnjinníà máa bá níbi iṣẹ́ kì í dúró gbàṣẹ. Ìdí nìyẹn tí Jesús del Alamo, ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, fi so ẹ̀rọ tí ń wọn tiransísítọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní 1998. Akẹ́kọ̀ọ́ á yan iye fóltéèjì láti yàrá rẹ̀, bó ṣe òru, tiransísítọ̀ gidi á gbà á, èsì á sì padà wá bí gíráàfù. Látibẹ̀ ni iLab, ètò láàbù orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí, ti dàgbà dé Ilé-Ifẹ̀. Pẹ̀lú owó ìrànwọ́ Carnegie Corporation, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Makerere ní Uganda àti Yunifásítì Dar es Salaam bá MIT pawọ́ pọ̀. Ifẹ̀ kò sì jókòó sórí ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lawrence Kehinde àti ikọ̀ rẹ̀ kọ́ láàbù tiwọn, lára rẹ̀ èyí tí wọ́n fi ń kọ́ni ní op-amp, ohun èlò tí ń mú àmì iná lágbára sí i. Ó mọ́gbọ́n dání: íntánẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn ń fà bí ìgbín, ẹ̀rọ tó sì wà nínú ọgbà kò nílò kó ré òkun kọjá. Ibi tí ogún ọmọ ti ń yí tábìlì kan ká, tí ẹni méjì péré ń fọwọ́ kan nǹkan, irú láàbù yìí ń fún oníkálùkù ní àkókò tirẹ̀.

Dátà ṣì ń jẹni lówó, àmọ́ ètò PhET ṣeé gbà sílẹ̀, kéèyàn sì máa lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀, ìyẹn ló mú kó rọrùn láti túmọ̀, títí kan sí Yorùbá. Yorùbá sì lè gbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀: ní Ifẹ̀ kan náà, láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa.

Tíṣà tó ní láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo lè fi irin tí okùn so rọ̀ nínú PhET bẹ̀rẹ̀. Bí irin náà bá wúwo sí i, ṣé fífì rẹ̀ á yára sí i? Kí kálukú kọ́kọ́ kọ ìdáhùn, kí wọ́n bá ara wọn jiyàn, kó tó jẹ́ kó fì. Ìwúwo kò yí i padà. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ tó ṣì í gba máòsì, kó yan ohun tí wọ́n máa yí padà: bóyá gígùn okùn, bóyá kí wọ́n gbé e lọ sórí òṣùpá.